Sínúkà: Bí a Ṣe ń Fojú Sun Bọ́ọ̀lù àti Bí a Ṣe ń Yan Ọ̀pá

Ẹ̀kọ́ tòní kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ó ti gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wa. Sínúkà ni.

Kí a tó lọ jìnnà, ohun tí gbogbo wa ń pè ní sínúkà ní Gwagwalada, Zuba àti Kubwa kì í ṣe sínúkà gan-an. Púùlù ni. Tábìlì sínúkà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Tiwa tí ó wà lábẹ́ àtíbàbà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 7. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti mọ́ wa lẹ́nu, a ó máa pè é bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí wọ́n bá nà ni ó ń san owó tábìlì. Nígbà tí a wà ní ọdún kìíní, àwa ni a máa ń san án ṣáá. Ní Sátidé kan, a san án ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án léra wọn títí owó ọkọ̀ wa fi tán, a sì fi ẹsẹ̀ rìn délé. Mẹ́káníìkì kan, ọmọ Ọ̀yọ́, ni ó ṣàánú wa. Ó kọ́kọ́ fi Yorùbá wa ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé Òkè Ọya ni wọ́n bí wa sí, Hausa wa sì já gaara jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ibi tí bọ́ọ̀lù méjèèjì yóò ti fara kanra lẹ ń wò. Ibẹ̀ kọ́.”

Òótọ́ ni. Bọ́ọ̀lù funfun ní ìbú. Bí a bá dojú àárín rẹ̀ kọ ibi ìfarakanra yẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò ti kan bọ́ọ̀lù kejì kí ó tó débẹ̀, yóò sì gbá a nípọn jù. Ohun tí ó yẹ ni pé kí o fi ojú inú fa ìlà láti àárín ihò, kí ó gba àárín bọ́ọ̀lù tí o fẹ́ gbá wọlé kọjá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí ìlà náà, gbé bọ́ọ̀lù ojú inú kan tì í lẹ́yìn, kí wọ́n fara kanra. Àárín bọ́ọ̀lù ojú inú yìí ni kí o dojú bọ́ọ̀lù funfun kọ. Mẹ́káníìkì yìí ya bébà kékeré, ó fi sí ibẹ̀ gan-an kí ojú wa lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi bébà yẹn ṣe é.

Ìwọ̀n kan tún wà tí ó dára láti há sórí: bí àárín bọ́ọ̀lù funfun bá dojú kọ etí bọ́ọ̀lù kejì gan-an, bọ́ọ̀lù kejì yóò yà tó dígírì 30. Bí ó bá bo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, yóò yà ní nǹkan bí 15. Bí ó bá bo ìdá kan nínú mẹ́rin, nǹkan bí 49.

Ojú kan máa ń jẹ́ ọ̀gá èkejì. Tí o bá wà ní Zuba, la ojú méjèèjì, na ìka sí Àpáta Zuma, kí o wá dijú kan lẹ́yìn èkejì. Ojú tí ó bá là tí ìka kò sún kúrò lórí àpáta ni ọ̀gá. Abẹ́ rẹ̀ ni kí ọ̀pá máa gbà.

Ó ku ọ̀pá. Ẹ má kàn mú èyí tí ó sún mọ́ yín. Ẹ yí i lórí tábìlì: bí orí rẹ̀ bá ń fò sókè sódò, ó ti wọ́. Ọyẹ́ Àbújá máa ń gbẹ igi, òjò á tún mú un wú, wọ́n á sì fi í ti ògiri láti oṣù dé oṣù; báwo ni kò ṣe ní wọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀pá wúwo láàrin áúǹsì 17 sí 21. 18 tàbí 19 bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára mu. Fún bọ́ọ̀lù kékeré, orí tí ó jẹ́ mílímítà 9 tàbí 10 ló dára. Bọ́ọ̀lù ńlá ti Amẹ́ríkà fẹ́ 12 tàbí 13.

Ṣùgbọ́n awọ orí ọ̀pá ni a kọ́kọ́ máa ń wò báyìí. François Mingaud, ọmọ Faransé, ni wọ́n ń ròyìn pé ó mú awọ yìí wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800. Kí ó rí roboto lórí, kí ó má dán, kí ṣọ́ọ̀kì lè mú un. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má yí i bí ẹni ń lu ihò. Ní tiwa o, akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò láti ra ọ̀pá tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀ nínú àpò ti tó.

A kò ì tíì na mẹ́káníìkì yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún rí wa kí a fi ẹsẹ̀ rìn délé. Tábìlì tí a ń lò dà díẹ̀ sí ihò apá òsì. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá bá wa gbá a, kí ó má sọ pé a kò sọ fún òun.