Gígùn Òpó Rédíò àti Ìná-àpà Agbára



Islam kọ ìná-àpà fún wa. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ti oṣù yìí yóò fi hàn wá bí òpó rédíò tó kúrú ṣe ń sọ epo jẹnẹrétọ̀ di òfò.

Ìgbì rédíò ń rin nǹkan bí mítà 300,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi iye ìgbà tí ìgbì náà ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan pín in, a ó mọ bí ìgbì kan ṣe gùn tó. Lórí FM, ìgbì 100 MHz gùn ní mítà 3. Lórí AM, ìgbì 1,000 kHz gùn ní mítà 300. Áńtẹ́nà tó dúró lórí ilẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí gíga rẹ̀ bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì: sẹ̀ńtímítà 75 fún ti FM yẹn, mítà 75 fún ti AM. Ìdí nìyí tí òpó AM fúnra rẹ̀ fi jẹ́ áńtẹ́nà, tó sì jẹ́ pé òpó FM kàn ń gbé áńtẹ́nà kékeré sókè ni.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí òpó AM bá kúrú? Ọ̀nà méjì ni agbára iná tó wọ inú òpó ń gbà lọ. Apá kan ń di ìgbì, apá kejì ń di ooru nínú wáyà àti ilẹ̀. Ohm ni a fi ń wọn ọ̀nà méjèèjì. Èyí tí ohm rẹ̀ bá pọ̀ ló ń gba agbára jù. Ká ní ti ooru jẹ́ ohm 5. Òpó mítà 75 ní nǹkan bí ohm 36 fún ìgbì. Bí a bá fún un ní wáàtì 1,000, nǹkan bí 880 yóò jáde sáfẹ́fẹ́. Òpó mítà 7.5 kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin ohm kan lọ. Nínú wáàtì 1,000, èyí tí yóò jáde kò tó 50. Ooru lásán ni ìyókù.

Ẹlòmíràn lè ní, "Ẹ jẹ́ ká ra ẹ̀rọ tó lágbára jù." Bí a bá fún òpó mítà 7.5 yẹn ní wáàtì 2,000, èyí tó ń jáde kò ní tó 100. Ṣùgbọ́n bí òpó náà bá di mítà 15, tí wáàtì kò kúrò ní 1,000, nǹkan bí 165 ni yóò jáde. Ìdí ni pé bí gíga òpó kúkúrú bá di ìlọ́po méjì, ohm ìgbì rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Wáyà bàbà tí a bá rì sínú ilẹ̀ yí ìdí òpó ká náà ń dín ooru kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, àmáánà ni owó tí àwùjọ bá fi sí yín lọ́wọ́. Ẹ ṣírò kí ẹ tó ní kí wọ́n rajà.

Ìdánwò: Fún 600 kHz, mítà mélòó ni òpó tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì yóò ga tó? (Ìdáhùn: mítà 125.)

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní. Àmín.