Ìpadàlọ sí Àgbádárìgì: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀

Ìwé kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 50:1–14



Lọ́dún 1971, nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá mi mú mi lọ sí Àgbádárìgì. Ó fi ibi tí igi Àgíà wà tẹ́lẹ̀ hàn mí, níbi tí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nárì ìjọ wa, ti wàásù lọ́dún 1842. Igi náà ti wó láti ọdún 1959. Lẹ́yìn náà a wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà, a fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn títí a fi dé etí òkun. Màámi ká ìró sókè, ó wọ inú omi dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Nígbà tí ó darúgbó, ó máa ń bi mí pé, "Tíṣà, ìgbà wo ni a óò tún lọ wo òkun?" Èmi a ní, "Ẹ jẹ́ kí a gba ọlidé, Màámi." Ọlidé dé, ọlidé lọ. Mo fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ n kò rí àyè. Ọlọ́jọ́ sì dé.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìsìnkú, èmi nìkan lọ. Etí òkun ni mo ti sunkún gan-an, nítorí pé lọ́jọ́ ìsìnkú, oúnjẹ àti aṣọ ẹbí ni mò ń pín.

Ẹ wo ohun mẹ́ta tí Jósẹ́fù kọ́ wa.

1. Ó sunkún ní gbangba. Ìjòyè ńlá ni, síbẹ̀ ojú kò tì í. Àwọn ará Íjíbítì sunkún Jákọ́bù fún 70 ọjọ́. Jósẹ́fù tún ṣọ̀fọ̀ fún ọjọ́ 7 lójú ọ̀nà. Ẹ má ṣe fi "mọ́kàn le" dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ẹkún.

2. Ó mú ìlérí tí ó ṣe fún bàbá rẹ̀ ṣẹ. Èmi kò mú tèmi ṣẹ. Òkun tí mo dá lọ wò kọ́ ni ìyá mi bẹ̀ mí fún. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Olúwa létí omi, mo tọrọ ìdáríjì, ọkàn mi sì fúyẹ́. Ìwọ tí òbí rẹ ṣì wà láyé, dá ọjọ́ lónìí, má sọ pé ó di ọlidé.

3. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kò jókòó ti ibojì. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo tún yà síbi igi Àgíà. Igi ti wó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a sọ lábẹ́ rẹ̀ kò wó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ ìyá.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Ìlérí wo ni o ṣe fún òbí rẹ tí o kò tíì mú ṣẹ?
(b) Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí a kò tún yà kí láti ìgbà tí ó ti sìnkú òbí rẹ̀?

Olúwa yóò tu gbogbo wa nínú. Àmín.