Àmì Dúdú Lára Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀: Ohun Tó Ń Fà Á àti Bí A Ṣe Lè Dènà Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí àrùn tó ń jẹ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní oko àti ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú. Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, a ní ó ń pọ́n." Bí àrùn yìí ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: èso á pọ́n láìtíì gbó, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti tó kó lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ.

OHUN TÓ Ń FÀ Á
Kì í ṣe oòrùn ló jó ewé náà, kì í sì í ṣe ọwọ́ ọ̀tá. Orúkọ àrùn náà ni Sigatoka dúdú. Orílẹ̀-èdè Fiji ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ọdún 1963; ó dé Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1986. Ohun tó ń fà á jọ èyí tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Irúgbìn rẹ̀ kéré ju eruku lọ. Afẹ́fẹ́ àti òjò ló ń gbé e kiri, orí ewé tó tutù ló sì ti ń hù. Ìdí nìyí tó fi ń le ní àsìkò òjò.

BÍ A ṢE LÈ DÁ A MỌ̀
Ìlà tín-ínrín aláwọ̀ ìpẹtà á kọ́kọ́ yọ lábẹ́ ewé. Á fẹ̀, á di àmì dúdú, àárín rẹ̀ á gbẹ bí eérú, ewé á sì kú. Ewé ló ń se oúnjẹ fún èso. Bí ewé bá kú, ebi ń pa èso nìyẹn. Ó lè gba ìdajì ìkórè lọ́wọ́ àgbẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ DÈNÀ RẸ̀
1. Ẹ gé ibi tí àmì bá ti pọ̀ lára ewé. Bí ó bá ti kọjá ìdajì, ẹ gé ewé náà kúrò. Ẹ má fọ́n ọn ká sábẹ́ àwọn yòókù. Ẹ rì í mọ́lẹ̀.
2. Ẹ má já ewé tó dára dànù. Ó yẹ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tó ewé 8 nígbà tó bá fẹ́ so.
3. Ẹ gbìn ín ní ẹsẹ̀ bàtà 10 láàárín ìlà sí ìlà, kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ ewé. Ẹ dín ọmọ ìdí rẹ̀ kù, ẹ ro ó, ẹ má jẹ́ kí omi dúró síbẹ̀.
4. Ẹ máa da ìgbẹ́ adìyẹ àti èèpo iṣu sí ìdí rẹ̀. Èyí tó bá jẹun kánú máa ń yọ ewé tuntun kíákíá.
5. Ilé-ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ti mú irú àgbagbà tó lè dúró de àrùn yìí jáde. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àgbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ WA
(a) Kí ló ń gbé àrùn náà kiri?
(b) Kí ló dé tí èso fi ń pọ́n láìgbó?

Kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.