Títì Kì í Ṣe ti Ọkọ̀ Nìkan
Ẹ̀kọ́ nípa bí ọ̀nà ìlú ṣe ń darí ìrìn àti ìgbé-ayé àwọn ará ìlú

Nínú èdè Yorùbá, ìkíni méjì kan wà tí wọ́n máa ń bá ara wọn rìn. Ẹni tí ó ń kọjá lọ yóò kí ẹni tí ó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ pé, "Ẹ kú ìjókòó o." Ẹni tí ó jókòó yóò sì dáhùn pé, "Ẹ kú ìrìn o. Ará ilé ńkọ́?" Láti inú ìkíni kékeré yìí ni ìròyìn ti ń tàn kálẹ̀: ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tí ó bímọ, iye tí wọ́n ń ta iṣu lọ́jà, ọjọ́ tí ìpàdé ẹbí bọ́ sí. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Níbi tí ojú kò bá ti rí ojú, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìkíni yìí tó lè wáyé, ọ̀nà ní láti gbà á láyè. Ẹni tí ń rìn gbọ́dọ̀ lè rìn jẹ́jẹ́ láìbẹ̀rù. Ẹni tí ó jókòó gbọ́dọ̀ rí ibòji lẹ́bàá ọ̀nà. Ariwo kò sì gbọdọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò ní gbọ́ ohùn ara wọn. Kò sí ẹni tí ó lè kí èrò inú ọkọ̀ tí ń sáré kọjá. Nítorí náà ni àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa ètò ìlú fi ń sọ pé bí wọ́n bá ti la ọ̀nà sí ni àwọn ará ìlú yóò ṣe máa bá ara wọn gbé. Ó ṣòro láti rí ìlú tí kì í tọrọ títì lọ́wọ́ ìjọba. Ó yẹ kí ìlú tí ń tọrọ mọ irú èyí tí ó yẹ ní títọrọ.

Bí àwọn baba ńlá ṣe tẹ ìlú dó

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀ràn ọ̀nà. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú, ààfin ni ó wà láàrin, ọjà ọba sì wà níwájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn òpópónà ti yà lọ sí àdúgbò gbogbo, títí dé ẹnu ibodè. Igi odán ni wọ́n ń gbìn sí iwájú ààfin àti sínú ọjà, kí àwọn ènìyàn lè rí abẹ́ ibòji pàdé. Iwájú ilé àwọn ẹni ńlá a sì máa ní gbàgede tí wọ́n ń pè ní ìta, níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré, tí àgbà sì ti ń parí ìjà.

Ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n tilẹ̀ fi àpáàdì tẹ́ ojú ilẹ̀. Wọ́n gbé àfọ́kù ìkòkò dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n mọ́ra dáradára tí ẹrẹ̀ kò fi lè bá ẹlẹ́sẹ̀ jà. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tí ó jọba níbẹ̀, ni ó pàṣẹ iṣẹ́ náà. Àwọn tí ń wú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀ sì ti rí àpáàdì wọ̀nyí ní ibi púpọ̀ ní Ifẹ̀. Nígbà tí kò sí ọkọ̀ rárá, tí ẹṣin sì jẹ́ ti àwọn ẹni díẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá yìí fún.

Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú. Ààfin Ọlọ́wọ̀, tí Ìjọba Àpapọ̀ sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 2000, ní àgbàlá púpọ̀ tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pè ní ugha. Ìtàn ní wọ́n tó ọgọ́rùn-ún nígbà kan. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun tàbí àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ àwọn kan nínú wọn. Èyí tí ó tóbi jù lọ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìpéjọ gbogbo ìlú àti fún ọdún.

Ọdún Igogo fi ohun tí gbàgede wà fún hàn. Ní oṣù September ni wọ́n ń ṣe é, fún ọjọ́ 17, ní ìrántí Ọ̀rọ̀nṣẹn, ayaba ìgbàanì. Ọlọ́wọ̀ a di irun bí obìnrin, a wọ aṣọ ìlẹ̀kẹ̀, òun àti àwọn olóyè rẹ̀ a sì jó níta gbangba lójú gbogbo ènìyàn. Ní àkókò náà, ẹnikẹ́ni kì í lu ìlù, agogo nìkan ni wọ́n ń lù. Wọn kì í yìnbọn, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í sì í wé gèlè. Ọba tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jó jáde nílò ọ̀nà tí ará ìlú lè dúró sí lápá ọ̀tún àti lápá òsì láti wò ó. Bí ọ̀nà náà bá di ti ọkọ̀ pátápátá, níbo ni àwọn òǹwòran yóò dúró sí?

Nígbà tí ọkọ̀ dé

Ọ̀nà ńlá tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Benin gba Ọ̀wọ̀ kọjá, ibẹ̀ ni ọ̀nà Ìkàrẹ́ sì ti yà. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé kòkó àti iṣu lọ sí ọjà tí ó jìnnà. Aláìsàn tí wọ́n ìbá fi ọjọ́ kan gbáko gbé ní ejìká ń dé ilé ìwòsàn ní wákàtí díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní làákàyè tí yóò sọ pé kí ìlú padà sí ọ̀nà oko.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó dára láàrin igbó lè di ewu láàrin ìlú. Bí títì bá ti gbòòrò tó, tí ó sì tọ́ gbọnrangandan, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ń tẹ eré mọ́ ọn. Ìwé òfin nìkan kò lè dá a dúró, nítorí pé ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ó máa sá lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, gọ́tà jíjìn tí kò ní ìdérí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn òǹtajà tò sí ẹ̀bá gọ́tà, ọkọ̀ sì dúró síwájú àwọn òǹtajà. Ibi tí ó kù fún ẹlẹ́sẹ̀ kò ju ojú ọ̀dà lọ, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré.

Ìwọ̀n ewu yìí kò fara sin. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023, nǹkan bí ènìyàn 1,190,000 ni ìjàm̀bá ọ̀nà ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé. Ó lé ní ìdajì wọn tí ó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn tí ó gun alùpùpù. Bí eré ọkọ̀ bá ti orí kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ sí 65, ewu ikú fún ẹlẹ́sẹ̀ tí iwájú ọkọ̀ náà bá gbá di ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀. Nítorí náà ni àjọ náà fi ń gba àwọn ìjọba nímọ̀ràn pé kí eré ọkọ̀ má ṣe ju kìlómítà 30 lọ ní wákàtí kan, níbi tí ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ bá jọ ń lo ọ̀nà.

Ohun tí ọkọ̀ ń gbà tí kì í ṣe ẹ̀mí

Ìjàm̀bá nìkan kọ́ ni àdánù. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Donald Appleyard, olùkọ́ ní Yunifásítì California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí òpópónà mẹ́ta ní ìlú San Francisco. Ilé tí ó wà lórí wọn jọra. Ohun tí ó yàtọ̀ ni iye ọkọ̀: nǹkan bí 2,000 ni ó ń gba ọ̀kan kọjá lójúmọ́, 8,000 ń gba èkejì, 16,000 sì ń gba ẹ̀kẹta. Ní òpópónà tí ọkọ̀ kò pọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tó ọ̀rẹ́ mẹ́ta àti ojúlùmọ̀ tí ó lé ní mẹ́fà lórí òpópónà náà. Ní èyí tí ọkọ̀ pọ̀ jù, ọ̀rẹ́ kò pé ẹyọ kan, ojúlùmọ̀ kò sì ju mẹ́ta lọ. Àwọn ti àkọ́kọ́ ka gbogbo òpópónà sí ilé wọn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá ṣe ń ka gbogbo agbo ilé sí ilé baba rẹ̀. Àwọn ti ìkẹyìn kò ka ohunkóhun tí ó kọjá ẹnu ọ̀nà wọn sí tiwọn.

Ẹ̀rí tún wà nítòsí. Láti ọdún 1955, àjọ tí ó ń ṣe àtúnṣe ìlú Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé àárín Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà mọ́, ọ̀nà rẹ̀ tọ́, afẹ́fẹ́ sì wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ wádìí ọ̀ràn wọn, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961, ó rí i pé owó ọkọ̀ ń jẹ wọ́n run. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń tajà níwájú ilé pàdánù oníbàárà. Ẹbí tí wọ́n ti ń rí ara wọn lójoojúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ara wọn mọ́. Ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń fi owó rà.

Ọ̀nà àtúnṣe sì wà pẹ̀lú. Ní oṣù November ọdún 1962, ìlú Copenhagen ní ilẹ̀ Denmark ti òpópónà ọjà rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Strøget, mọ́ ọkọ̀. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà kan. Àwọn oníṣòwò pariwo pé ọjà àwọn yóò kú. Ọjà kò kú, ńṣe ni èrò ń pọ̀ sí i, títì náà sì ti di ti ẹlẹ́sẹ̀ láti ìgbà náà wá. Ohun tí ọjà ọba jẹ́ fún ìlú Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ará Copenhagen padà ṣe fún ara wọn.

Ohun márùn-ún tí ìlú lè béèrè

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ìlú tí Òjòmolúdà ń jọba lé lórí, kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀. Ìgbéyàwó, ọjà, ilé ẹ̀kọ́ àti ìsìnkú ń gbé ènìyàn láti ìlú kan dé èkejì. Bí ìjọba bá fẹ́ ṣe ọ̀nà ní irú ibẹ̀, tàbí ní ìlú mìíràn, ohun márùn-ún ni ó yẹ kí ará ìlú béèrè.

Èkíní ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì, tí ó ga ju ojú ọ̀dà lọ, tí ó sì fẹ̀ tó kí aláru àti ẹni tí kò ru ẹrù lè pàdé láìtaari ara wọn.

Èkejì ni ìdérí gọ́tà. Gọ́tà tí wọ́n fi kọnkéré pẹlẹbẹ bò dáradára di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ṣíṣí di kòtò fún ọmọdé àti fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ibi ìsọdá ní iwájú ilé ẹ̀kọ́, ọjà, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, pẹ̀lú òkìtì kékeré tí yóò mú kí ọkọ̀ rọra. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ dára lórí ọ̀nà márosẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn kò lè gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Láàrin ìlú, ó sàn kí ọkọ̀ rọra ju kí arúgbó gòkè lọ.

Ẹ̀kẹrin ni igi àti ibi ìjókòó. Oòrùn ọ̀sán ń lé ènìyàn kúrò lójú ọ̀nà bí ọkọ̀ ti ń lé e. Igi tí wọ́n gé nítorí títì yẹ kí wọ́n fi òmíràn dípò.

Ẹ̀karùn-ún ni àyè fún àwọn òǹtajà àti fún àwọn ọlọ́kadà, ní ẹ̀yìn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n lé wọn dànù. Ní ọdún 1961, Jane Jacobs, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ojú àwọn tí wọ́n ń gbé àti àwọn tí wọ́n ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà. Ìyá elépo tí ó jókòó sí ojúkan láti àárọ̀ mọ ọmọ tí ó yẹ kí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́, ó sì mọ àlejò tí ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Àsìkò tí wọ́n ń wọn ilẹ̀, tí èèkàn ṣì ń wọlẹ̀, ni kí ọba, àwọn olóyè, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti àwọn olùkọ́ lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà sọ̀rọ̀. Iye owó tí wọ́n yóò fi bo gọ́tà kéré nígbà náà. Bí ọ̀dà bá ti gbẹ tán, ìdààmú rẹ̀ di ìlọ́po. Ohun tí kò ní owó ìjọba nínú sì wà tí ìlú lè dáwọ́ lé fúnra rẹ̀: igi gbígbìn, gọ́tà kíkó, àti kí àwọn àgbà máa dúró ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n bá ń sọdá.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú yàrá ìkàwé

1. Níbo ni àwọn àgbà ìlú yìí ti ń jókòó lẹ́bàá ọ̀nà tẹ́lẹ̀? Ṣé wọ́n ṣì ń jókòó níbẹ̀? Bí wọn kò bá jókòó mọ́, kí ni ó lé wọn?

2. Ọmọ ọdún méje tí ó ń dá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ibo ni ó ti ń sọdá títì? Kí ni ó lè mú kí ọkọ̀ rọra níbẹ̀?

3. Bí ìjọba bá ní òun yóò fẹ ọ̀nà ìlú yìí lójú lọ́dún tí ń bọ̀, èwo nínú ohun márùn-ún òkè yìí ni ìlú yóò kọ́kọ́ béèrè, ta ni yóò sì bá ìlú sọ ọ́?