Ẹ Gbé Aláìsàn Lọ Ná: Fún Ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Òkè Òkun

Ife tíì ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún. Nígbà tó fẹ́ dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ lápá ọ̀tún sì já wálẹ̀. A ò tíì pé oṣù mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, a ò ní ìnṣọ́ránsì kankan. Ìkàrẹ́ ni mo pè, pé kí ẹ̀gbọ́n mi bá wa wá owó. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ń rojọ́ kí wọ́n tó pariwo mọ́ mi pé: "Ṣé èmi ni dókítà ni? Gbé ìyàwó ẹ lọ!"

Mo mọ ohun tó fà á tí mo fi kọ́kọ́ ń wá owó. Ẹni tó bá dàgbà sí Ọ̀kà mọ ìrìn yẹn: wọ́n á gbé aláìsàn gba Àkùngbá dé ọsibítù ìjọba ní Ìkàrẹ́, bó bá kọjá agbára wọn, ó di Ọ̀wọ̀, ní Federal Medical Centre. Kí mọ́tò tó dúró, ẹnìkan á ti máa ka owó lẹ́yìn mọ́tò, torí "ẹ lọ san owó káàdì" ni gbogbo wa ń retí láti gbọ́. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ọ̀ràn pàjáwìrì bá, àmọ́ ara wa ti mọ́ kí owó ṣíwájú. Ìbẹ̀rù yẹn la gbé wọ bàálù.

Ní Amẹ́ríkà, ìtọ́jú ló ń ṣíwájú, bíì ló ń tẹ̀lé e. Láti 1986 ni òfin EMTALA ti wà. Ọsibítù tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì tó sì ń gba owó ètò ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní Medicare, ìyẹn ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, gbọ́dọ̀ yẹ ẹni tó bá wọlé wò, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí ewu á fi rọlẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè tọ́jú rẹ̀. Ì báà ní ìnṣọ́ránsì, ì báà má ní. Ì báà ní ìwé ìgbélùú, ì báà má ní. Wọ́n lè béèrè ìnṣọ́ránsì, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ dá àyẹ̀wò dúró.

Nítorí náà, bí ojú bá já sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí apá kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá lọ́, àmì àrùn rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ẹ pe 911, nọ́ḿbà pàjáwìrì. Ẹ wo aago pẹ̀lú, torí wọ́n á bi yín pé ìgbà wo lara aláìsàn le kẹ́yìn. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ kì í sábà wúlò mọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀, ogún ìṣẹ́jú tèmi sì ti jẹ nínú ẹ̀. Ẹ má fún un ní omi, ẹ má fún un ní àgbo. Bó bá ti mu àgbo tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún dókítà láìtijú. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá há yín lọ́fun, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa túmọ̀ àìsàn ìyá rẹ̀.

Bíì á dé, ó sì lè bani lẹ́rù. Ti áńbúláǹsì sábà máa ń dá dé. Ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bíì tó to iye owó nǹkan kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó. Òfin ọdún 2010 ló mú un ní dandan kí àwọn ọsibítù tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ sì ní ọjọ́ 240 láti ìgbà tí bíì àkọ́kọ́ bá jáde láti fi béèrè. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nípa Emergency Medicaid pẹ̀lú, ìrànwọ́ ìjọba fún ìtọ́jú pàjáwìrì tó wà fún ẹni tówó rẹ̀ kéré, bí ìwé rẹ̀ ò tilẹ̀ pé. Ohun tí mo bẹ̀ yín jù ni pé kí ẹ má fi credit card san án. Gbèsè ọsibítù ṣeé bẹ̀. Ti báńkì le, èlé á sì máa gorí ẹ̀.

Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọjọ́ 60 láti fi ra ìnṣọ́ránsì lọ́jà ìjọba. Títí dìgbà náà, ilé ìwòsàn àdúgbò wà tó ń gbowó bí apá ṣe ká a. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín níbẹ̀. Ìyàwó mi ò mọ̀ pé òun ní in.

Ti ìlú ọba yàtọ̀. Ẹni tó bá san £1,035 ọdọọdún mọ́ físà ti ní ẹ̀tọ́ sí NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀. Ìyá tó wá láti Ìkàrẹ́ wá wẹ ọmọ ni ẹ máa ṣọ́: ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ẹ̀ka pàjáwìrì, àmọ́ bí wọ́n bá fún un ní bẹ́ẹ̀dì, owó dé. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò fún un kó tó wọ bàálù.

Nígbà tí mo wá pe 911, wọ́n béèrè àdírẹ́sì, ó fò lọ lórí mi. Ìwé kan ti wà lára fíríìjì wa báyìí: àdírẹ́sì ilé, oògùn tí kálukú ń lò, nọ́ḿbà aládùúgbò. Ìyàwó mi ló kọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ló fi kọ ọ́.