Ipa Ilé Ìtọ́jú Nínú Ìdàgbàsókè Ọmọ Òrukàn

Ní Òkè-Àkò, Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú mìíràn ní àríwá Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹbí bàbá tàbí ti ìyá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba ọmọ òrukàn tọ́. Ibi tí agbára ẹbí kò bá ká a ni ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú ti ń wọlé.

Yorùbá ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Ẹni tí kò bá wo òwe yìí dáadáa lè rò pé kò sí ohun tó kù fún ilé ìtọ́jú, nítorí ojú pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú àwọn tí kì í kúrò nílẹ̀ ni òwe náà ń sọ: ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá, aládùúgbò. Ojú òṣìṣẹ́ tí ń fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí tí Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah bẹ̀rẹ̀ ní Bucharest, olú-ìlú Ròmáníà, ní 2000 ti èyí lẹ́yìn. Ọmọ 136 tí wọ́n wà ní ilé ìtọ́jú ni wọ́n ṣẹ́ gègé pín sí méjì: apá kan lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́, apá kejì kò kúrò. Nígbà tí wọ́n pé oṣù 42, nǹkan bí 49 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti alágbàtọ́ ni ó ti fọkàn balẹ̀ mọ́ ẹni tí ń tọ́ wọn. Láàrin àwọn yòókù, bí 18 ni.

Bí ó ti wù kí ó rí, ilé ìtọ́jú kò rí bákan náà. Abúlé Ọmọdé SOS, tí Hermann Gmeiner dá sílẹ̀ ní Imst, ní Ọ́sítríà, ní 1949, tí ó sì dé Ìsọlọ̀ ní Èkó ní 1973, a máa fi obìnrin kan ṣe ìyá fún àwọn ọmọ inú ilé kọ̀ọ̀kan, àgbà àti èwe. Èyí kì í ṣe ohun kékeré ní àwùjọ tí ipò àgbà ti ń darí ìkíni. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ nìkan ti ń gbé, ta ni ọmọ yóò máa pè ní ẹ̀gbọ́n? Àbúrò wo ni yóò gbé pọ̀n? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ inú kíláàsì kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ti èdè tún wà níbẹ̀. Ọmọ Òkè-Àkò tí ó dàgbà sí ìlú ńlá láìgbọ́ ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀, láìmọ oríkì rẹ̀, yóò padà sílé bí àlejò. Ó yẹ kí ìwé ìgbàwọlé ilé ìtọ́jú ní àyè fún oríkì, fún agboolé, àti fún orúkọ ẹbí ìyá, kí wọ́n sì máa mú ọmọ lọ kí wọn nígbà ọdún ìbílẹ̀.