Ohun Tí A Ó Sọ fún Dókítà Bí Ọkàn Ọmọ Bá Rẹ̀wẹ̀sì

Àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Púpọ̀ nínú wa kò tíì pé ọmọ 20 ọdún, a sì ní àbúrò nílé.

Kí ni àìsàn yìí?
Ìbànújẹ́ lásán kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò yóò banú jẹ́, yóò sì tújú ká bó bá yá. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ bá wà lára ọmọ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí kò lè kàwé tàbí sùn dáadáa, ó yẹ kí dókítà rí i. Ọmọ mìíràn kì í tilẹ̀ sunkún. Ìkanra ni a ó máa rí, a ó sì ní ó ti ya aláìgbọràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́
Ọmọ Yorùbá kì í sábà sọ pé ọkàn òun rẹ̀wẹ̀sì. Yóò ní, "Orí ń fọ́ mi," "Inú ń run mí," "Ara mi ò le." Lágbègbè tí a ti ń kàwé yìí, ọ̀pọ̀ dókítà kò gbọ́ Yorùbá. Bí a bá túmọ̀ èyí nìkan fún un, oògùn ibà ni ó lè kọ. Nítorí náà, ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí kún un:

1. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.
2. Ohun tó yí padà nínú oorun, oúnjẹ, ẹ̀kọ́ àti ìbárẹ́. Ẹ mú àpẹẹrẹ wá: "Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n láti oṣù kan kò gbá a mọ́."
3. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i: ikú nínú ẹbí, ìyà, ìfipábánilòpọ̀, ìfiniṣẹ̀sín níléèwé.
4. Oògùn tàbí àgbo tó ń lò, àti bí ẹnìkan nínú ẹbí bá ti ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí.
5. Bó bá ti sọ pé ikú yá òun. Èyí ni ojú máa ń tì wá láti sọ, òun sì ni kò gbọdọ̀ dọ̀la. Bíbi í léèrè kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé oògùn àti májèlé kúrò nítòsí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà bá dókítà sọ̀rọ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú.

Ìtọ́jú
Dókítà lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè mú kó máa rẹ ọmọ. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ló sábà máa ń ṣáájú. Bó bá le, a lè fún ọ̀dọ́ ní fluoxetine. Oògùn yìí ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí a máa ṣọ́ ọ̀dọ́ náà gidigidi ní ìbẹ̀rẹ̀. A kì í dá a dúró láìbi dókítà.

Ẹ má bẹ̀rù pé wọn yóò tì í mọ́lé. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, Abẹ́òkúta, tí aláìsàn fi ń gbé abúlé tòsí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, tó sì ń gba ìtọ́jú. Kílíníkì ọgbà wa ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bó bá ju agbára wọn lọ, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ wà ní Kàdúná, Ẹnúgù àti Màídúgùrì.